Kí Ló Ń Mú Aláìsàn Kíndìnrín Dá Ìtọ́jú Dúró?

 

Tí a bá gbọ́ pé aláìsàn kíndìnrín kan ò gba ìtọ́jú mọ́, a máa ń sọ pé, "Ó ti sú u," tàbí "Àwọn ará ilé ẹ̀ ti pa á tì." Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Dialysis tí a mọ̀ jù ni ti ẹ̀rọ ọsibítù. Òmíràn wà tí wọ́n ń ṣe nínú ikùn. Wọ́n á fi rọ́bà tín-ín-rín sí ikùn, omi oògùn bíi lítà méjì á gba ibẹ̀ wọlé, á fa ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì dà á síta lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, nílé ara wọn. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ò nílò iná NEPA. Ṣé ẹ rí i pé ó jọ ìtọ́jú tó yẹ àwa ará etí omi?

Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Lítà mẹ́jọ lójúmọ́ jẹ́ lítà 240 lóṣù. Ta ló máa ru ìyẹn láti Igbókòdá gba ojú omi dé Ayétòrò? Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ omi oògùn náà ti ń wá. Bí dọ́là bá gòkè, owó ẹ̀ á gòkè.

Èkejì ni ìmọ́tótó. Tí ọwọ́ ò bá mọ́ nígbà tí wọ́n ń so rọ́bà, kòkòrò á wọ ikùn, inú á máa ro ó, omi tó ń jáde á funfun bí omi ògì. Kárí ayé, èyí wà lára ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí ìtọ́jú yìí jù. Níbi tí odò ti níyọ̀, tí a gbójú lé omi òjò, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ẹ̀kẹta, ó ń rẹ olùtọ́jú. Ìyàwó tàbí ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń dá a ṣe, kò sí ìsinmi ọjọ́ Àìkú.

Ní 2008, ìjọba Thailand bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó irú ìtọ́jú yìí, wọ́n sì ń gbé omi oògùn náà dé ilé aláìsàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé dialysis ti ẹ̀rọ á wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ọsibítù àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn àti UBTH Benin wà lára wọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀ ò sí nínú ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ ohun mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ aláìsàn. Àwa ọ̀dọ́ á ru ẹrù. Kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò ní gbogbo ìpàdé, torí àwọn méjèèjì wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dákẹ́ dá ìtọ́jú dúró, kó má fi àgbo rọ́pò ẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, tó bá dúró láìsí ìtọ́jú míì, ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sábà kù fún un. Kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà: ẹni tí ti ikùn ò ṣiṣẹ́ fún mọ́ lè bọ́ sórí ẹ̀rọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi tó lè yá wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó kọ orúkọ ẹ̀ sórí WhatsApp wa lónìí.