Ìjọba Mùsùlùmí ní Ilẹ̀ Spéìn: Ìdìde Rẹ̀, Ìgbòòrò Rẹ̀ àti Ìṣubú Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú Wa)



Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń jà ràn-ìn nílẹ̀ ní ọdún yìí. Àdúgbò kan ní òun yóò yà kúrò nínú ẹgbẹ́, òun yóò máa dá owó tirẹ̀ jọ lọ́tọ̀. Àdúgbò kejì ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀. A kò wá síhìn-ín láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìtàn ni a fẹ́ sọ. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ni a jọ wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ gbé ẹ̀sìn kan lékè èkejì. Ìwà ọmọ ènìyàn ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní ọdún 711, ọ̀gágun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tariq ibn Ziyad kó àwọn ọmọ ogun kọjá omi láti Àríwá Áfíríkà sí ilẹ̀ Spéìn. Òkè àpáta tí ó gúnlẹ̀ sí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní: Jabal Tariq, èyíinì ni òkè Tariq, ni àwọn Òyìnbó yí padà sí Gibraltar. Nígbà náà, àwọn ìjòyè Visigoth tí ó ni ilẹ̀ náà ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò gun orí ìtẹ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ọ̀pọ̀ jùlọ ilẹ̀ náà ti bọ́ sí ọwọ́ Mùsùlùmí. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òwe yìí sọ́kàn.

Ní ọdún 750, ìdílé Abbas gba ìjọba lọ́wọ́ ìdílé Umayyad tí ó ń jọba ní Dàmásíkù, wọ́n sì pa wọ́n nípakúpa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn, Abd al-Rahman, sá àsálà. Ó la Àríwá Áfíríkà kọjá, ó dé Spéìn ní ọdún 755, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, ó gba Córdoba. Ìsáǹsá yìí ni ó wá di baba ńlá àwọn ọba. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá Córdoba tí ó ṣì dúró títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń lò ó fún nísinsìnyí.

Ní àkókò Abd al-Rahman Kẹta, ẹni tí ó jọba láti ọdún 912 títí di 961, ni ògo ìjọba náà tàn. Nígbà tí ó gorí ìtẹ́, ọlọ̀tẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Ó ṣẹ́gun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ara rẹ̀ di kálífà ní ọdún 929. Onígbàgbọ́ àti Júù ń san owó-orí tí Mùsùlùmí kì í san, ipò wọn kò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìmọ̀ nínú wọn ń rí iṣẹ́ ńlá ṣe. Júù ni Hasdai ibn Shaprut, oníṣègùn ọba, tí ó tún ń bá àwọn ìkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ la ipa omi láti odò wọ inú oko, wọ́n gbin ìrẹsì, ìrèké, òwú àti ọsàn. Àwọn òpìtàn àtijọ́ sọ pé ìwé tí ó wà nínú ilé ìkówèésí ọmọ rẹ̀, al-Hakam Kejì, tó 400,000. Ní ìlú yìí kan náà ni al-Zahrawi, oníṣègùn, ti kọ ìwé ńlá alápá 30, tí ó fi kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ.

Báwo ni irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ṣe wó? Nígbà tí al-Hakam kú ní ọdún 976, ọmọdé ni Hisham, ọmọ rẹ̀. Olórí ìjòyè kan, al-Mansur, sọ ọba di ẹni àsémọ́ ààfin, ó sì gba àṣẹ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Akọni ni. Ó kó àwọn jagunjagun Berber wá láti òkè òkun, ní ọdún 997 ó sì kó ìlú Santiago ti àwọn Onígbàgbọ́. Lójú ẹni tí ó ń wò ó lóde, ìjọba náà kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n inú ilé ti ń jó.

Al-Mansur kú ní ọdún 1002. Ní ọdún 1008, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mú kí Hisham sọ òun di àrólé kálífà. Inú àwọn ará Córdoba ru, wọ́n sì dìde ní ọdún 1009. Àwọn ọmọ ogun Berber dojú kọ àwọn ará ìlú. Ìhà kìíní lọ pe àwọn ọmọ ogun Onígbàgbọ́ kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́, ìhà kejì náà lọ pe tirẹ̀. A kó ààfin Madinat al-Zahra, a sì dó ti Córdoba títí ó fi ṣubú ní ọdún 1013. Ní ọdún 1031, àwọn àgbà ìlú pa oyè kálífà rẹ́ pátápátá.

Láti ìgbà náà, olúkúlùkù ìlú fi ọba tirẹ̀ jẹ. Seville ní tirẹ̀, Toledo ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Granada, Zaragoza àti àwọn mìíràn. Wọ́n ń san wúrà fún àwọn ọba Onígbàgbọ́ kí wọ́n má baà gbógun tì wọ́n, àti kí wọ́n lè gbè wọ́n lẹ́yìn bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà. Wúrà wọn ni àwọn tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ wọn fi ń bọ́ ọmọ ogun. Toledo bọ́ ní ọdún 1085. Ẹ̀rù ba al-Mu'tamid, ọba Seville, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ránṣẹ́ pe Yusuf ibn Tashfin láti Mòrókò. Yusuf wá, ó ṣẹ́gun ní ọdún 1086. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1091, ó gba Seville fún ara rẹ̀. Ìgbèkùn ní Mòrókò ni al-Mu'tamid kú sí.

Àwọn Onígbàgbọ́ gba Córdoba ní ọdún 1236, wọ́n sì gba Seville ní 1248. Granada nìkan ni ó kù. Kàkà kí wọ́n fi èyí kọ́gbọ́n, ọba Granada ìkẹyìn bá baba rẹ̀ àti arákùnrin baba rẹ̀ du oyè, nígbà tí Ferdinand àti Isabella ń gba ilẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ó jọ̀wọ́ ìlú ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1492. Ní ọdún yẹn kan náà ni a lé àwọn Júù jáde. Láti ọdún 1609 títí di 1614, a lé àwọn ọmọ ọmọ Mùsùlùmí náà jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti sọ wọ́n di Onígbàgbọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ wo àlàfo tí ó wà láàárín 1009 àti 1492. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 ọdún kí aláǹgbá tó gba gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ará ilé lo àjèjì láti fi lu ará ilé ni ògiri ti lanu. Ohun kan ni kò bá wọn lọ. A túmọ̀ ìwé al-Zahrawi sí èdè Látìn ní Toledo, àwọn oníṣègùn Òyìnbó sì fi kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ààfin wó, ìwé kò wó.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Kí àdúgbò tí ó ń bínú dìde nínú ìpàdé yìí, kí ó sọ ohun tí ó ń dùn ún; kí àwa yòókù fara balẹ̀ gbọ́ ọ, kí a sì ṣe àtúnṣe níbi tí a ti ṣẹ̀. Kí owó wa wà ní ojú kan, kí a lè fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ògiri ìlú wa lanu.