AFẸ́FẸ́ TI FẸ́: OHUN TÍ Iná PÁPÁ TEXAS KỌ́ MI

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún

 

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú owó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iná àti ẹ̀fúùfù, nítorí ohun tí a fi ogún ọdún kó jọ, wákàtí kan péré ni iná fi ń jẹ ẹ́ tán.

Ẹ mọ̀ pé ní oṣù Kejì ọdún 2024 mo lọ tọ́jú ọmọ tuntun lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Amarillo, ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, koríko ló kún un títí dé ibi tí ojú lè rí dé. Síbẹ̀ ilẹ̀ gíga ni: Amarillo fi nǹkan bí 3,600 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ọ̀hún rí lọ sí Oklahoma, Kansas àti Colorado. Màlúù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sìn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Kejì, mo ra ẹja, mo ra èédú, mo ní kí n yan ẹja díẹ̀ lẹ́yìnkùlé fún ọbẹ̀ ìyá ọmọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni. Ọmọ mi sáré jáde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná níta lónìí o. Wọ́n ti kéde àsíá pupa." Mo wòkè, mo wolẹ̀, n kò rí àsíá kankan. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹja lásán náà ni wọ́n tún fòfin dè?" Ló bá mú mi wọlé, ó ṣàlàyé.

Àsíá pupa yìí kì í ṣe aṣọ. Ìkìlọ̀ ni, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́ máa ń kéde. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí ẹ̀fúùfù bá le, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tí kò sí ọ̀rinrin nínú rẹ̀, àti bí koríko bá ti gbẹ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á ta aráyé lólobó. Wọn ò sọ pé iná ti ṣẹ́ o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ó bá ṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa lè tètè mú un.

Òkè ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Rocky wà ní ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀. Bí ẹ̀fúùfù bá ti orí òkè náà ń sọ̀ kalẹ̀, bó ṣe ń sọ̀ ló ń gbóná, ló sì ń gbẹ sí i. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, koríko àtijọ́ ti kú, tuntun ò tíì hù. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé bí òjò bá rọ̀ dáadáa lọ́dún tó kọjá, ewu tún pọ̀ sí i, torí koríko á ti ga. Òjò èṣí ló ń di ohun ìdáná lọ́dún yìí.

Ẹ gbọ́, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni iná sọ nítòsí ìlú Stinnett, ní apá àríwá Amarillo. Smokehouse Creek ni wọ́n sọ iná náà. Ìgbì ẹ̀fúùfù tó ń tì í lẹ́yìn ń sáré ju 60 máìlì ní wákàtí kan lọ, bíi dánfó tó ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìlà oòrùn ló dojú kọ, ó rí gbọọrọ bí ọjá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀fúùfù yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti àríwá. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọjá náà, tó gùn lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì, di orí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó rò pé ẹ̀gbẹ́ iná ni òun wà, iwájú rẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

Oòrùn pọ́n bí epo pupa. Wọ́n ní kí àwọn kan ní apá àríwá Amarillo kúrò nílé, torí iná mìíràn náà tún ń bọ̀. Mo gbé ọmọ tuntun pọ̀n, a di báàgì sẹ́nu ọ̀nà, a ò sùn. Ọlọ́run ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ọjọ́bọ̀, yìnyín funfun bọ́ lulẹ̀, ó ran àwọn panápaná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àárín oṣù Kẹta ni wọ́n tó ká iná náà kò pátápátá.

Ó jó ilẹ̀ tó lé ní 1,050,000 éékà. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì kú, màlúù tó kú lé ní 7,000, ọ̀pọ̀ ilé sì run. Iná kankan ò tíì tó o rí nínú ìtàn Texas. Èyí tó ṣẹ́ lágbègbè yẹn kan náà ní oṣù Kẹta ọdún 2006 jó nǹkan bí 900,000 éékà, àwọn tó bá a lọ lé ní mẹ́wàá.

Kí ló dá iná ọdún 2024 sílẹ̀? Àwọn tó ṣèwádìí ní ọ̀pá wáyà iná mànàmáná kan tó ti jẹrà ló wó. Ọ̀pá kan ṣoṣo! Ẹ̀fúùfù kọ́ ló mú un jẹrà. Ó ti jẹrà tipẹ́, ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù dé ni àṣírí tú. Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ẹ rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo adìẹ tiwa náà.

Èmi akọ̀wé yín ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Wáyà kan ti bó lókè ìsọ̀ mi fún ọdún méjì. Bó bá ti ṣẹ́ná pàrà, màá ní, "Ó máa tó dáa." Kí n tó lọ Texas, mo ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo pe oníṣẹ́ iná. Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àmọ́ èmi sùn, fún ọdún méjì gbáko. Iye ìsọ̀ tó so mọ́ tèmi lórí ìlà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wà nínú gbogbo wọn.

Ọyẹ́ tiwa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, òun náà ń gbẹ nǹkan bẹ́ẹ̀. Páálí, ọ̀rá, pákó àti aṣọ ni koríko ọjà wa. Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́.

Èkíní, kí a máa yẹ wáyà wò láti ìlà dé ìlà kí ọyẹ́ tó dé.

Èkejì, kí àwa náà ní àsíá pupa tiwa. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú tí ẹ̀fúùfù sì le, kí a so aṣọ pupa sẹ́nu ọ̀nà ọjà láàárọ̀. Lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sun pàǹtírí, kí a má bu epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, àwọn tó ń fi iná jẹun, alákàrà àti àwa oníẹja, kí a kó lọ sí gbangba lẹ́bàá kànga lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú korobá yanrìn. Mo mọ̀ pé ọjà ò ní tà tó ti tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹgbẹ́ má gba owó ẹ̀yáwó ọ̀sẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wa, kí a san án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí a bá ní kí alákàrà nìkan ṣòfò kí gbogbo ọjà lè là, kò ní gbà, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ̀kẹrin, kí a dá àpò ìjàǹbá iná sílẹ̀, kí oníkálukú máa dá díẹ̀ sí i lóṣooṣù. Nígbà tí iná jó ilẹ̀ koríko Texas tán, àwọn àgbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn fi tírélà kó koríko gbígbẹ wá fún màlúù tó ṣẹ́kù, wọn ò gba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Kansas lọ́dún 2017. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń paná ní ìlú kéékèèké ibẹ̀ kì í sì í gbowó oṣù: iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe, bí iná bá ṣẹ́, wọ́n á ju iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sáré lọ. Kí ni alájẹṣẹ́kù bí kì í bá ṣe ìyẹn?

A ò lè dá ẹ̀fúùfù dúró. Àmọ́ ohun tí ẹ̀fúùfù máa bá nílẹ̀, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ jẹ́ ká dìbò lé ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ọyẹ́ tó wọlé.

Iná ò ní jó ọjà wa o.