Bí Ó Ti Yẹ Kí Oníṣẹ́ Iná Dá Iye Lé Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Iléṣà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí tíṣà ń wá nínú ọ̀rọ̀ wáyà àti súwíìṣì, ìdáhùn wa kò gùn. Ìṣirò ni a fi ń jẹun láti ìgbà tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, àìmọ ìṣirò ni ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ iná àti àwọn onílé nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti jókòó láti parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò rí ẹnì kan tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ jalè nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ kí a sọ tiwa. Nígbà tí ilé wa fẹ́ parí, a pe oníṣẹ́ iná kan. Ó yí yàrá ká, ó wo ojú wa, ó tún wo bàtà ẹsẹ̀ wa, ó sì dárúkọ owó kan ṣoṣo. Àwa náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, a já owó náà sí méjì. Ó bẹ̀bẹ̀, a yarí, a sì parí rẹ̀ sí ibi tí ìdá kan nínú mẹ́ta ti kúrò nínú ohun tí ó kọ́kọ́ pè. Inú wa dùn ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ó di ọyẹ́ ọdún kejì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń lọ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọ̀rá tí ó ń jóná. A tú ògiri, a rí i pé wáyà 1.5, èyí tí ó yẹ fún lámpù, ni ó wà níbi tí ó yẹ kí 2.5 wà. Owó tí a yọ ni òun náà yọ nínú wáyà. Bí ilé bá jó ní òru ọjọ́ náà, ta ni à bá mú? Ẹ̀bi rẹ̀ wà níbẹ̀, a kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́rùn wa.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣẹ́ iná sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ṣe pe owó kan ṣoṣo fún oníbàárà. Ẹ pín in sí wẹ́wẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ yọwó lè rí ohun tí ó ń yọ. Bí onílé bá ní kí ẹ dín owó kù, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò fẹ́ mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Kí ni onílé yóò lò? Ṣé yóò ní ẹ̀rọ amúlétutù? Ṣé yóò fi ẹ̀rọ fa omi nínú kànga? Ṣé iná ni ìyá ilé yóò fi dáná ni, tàbí gáàsì? Ẹni tí kò bèèrè èyí yóò kà wáyà fún ilé tí kò sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú ìwé, kí ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka gbogbo lámpù, fáànù, súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní pọ́ìntì.

Ní ti wáyà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣì í. Wọn a fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ìdí àpótí tí iná ti ń pín dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn a sì ra wáyà ní ìwọ̀n náà. Ṣùgbọ́n wáyà kì í rìn lórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ó jìnnà sí àpótí ní ẹsẹ̀ bàtà 30. Àpótí ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5, àjà ga ní 10, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ga ní 1. Wáyà yóò gun òkè ní 5, yóò rìn lójú àjà ní 30, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ ní 9. Ó di 44. Wáyà mẹ́ta ni yóò rin ọ̀nà yìí, èyí tí iná ń bá wá, èyí tí ó ń bá padà, àti èyí tí ó lọ sínú ilẹ̀. Ó di 132. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ yóò ka 90, ẹsẹ̀ bàtà 42 ni yóò sì ṣaláìní. Ẹ tún fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí èyí tí a óò gé sọnù. Ó di bí 145. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn bá ń jẹ lára wáyà kan náà, iye yóò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò yàtọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá kùnà níhìn-ín ni yóò padà tọ onílé lọ lẹ́ẹ̀mẹta pé wáyà kò tó, onílé yóò sì gbà pé ó ti tà á.

Ilé náà tún ní ohùn tirẹ̀. Ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ó pọ̀ ní àdúgbò wa kò ṣe é gbẹ́ bí ilé búlọ́ọ̀kù. Ògiri rẹ̀ a máa ya lulẹ̀, àtúnrẹ́ rẹ̀ sì ní owó tirẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní tirẹ̀, a gbọ́dọ̀ ti tẹ́ páìpù kí wọ́n tó da kọnkéré dẹ́kìn. Nípa bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ méjì ni: ti páìpù lónìí, ti wáyà lọ́jọ́ mìíràn, èyí tí ó lè tó ọdún méjì síwájú bí onílé bá wà ní ẹ̀hìn odi tí ó ń fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe pe iye iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe wáyà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ta bàbà lágbàáyé; ẹ̀yin náà rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iye wáyà lẹ́yìn tí ìjọba tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí ìwé yín ní déètì, kí ó sì sọ iye ọjọ́ tí iye náà yóò fi dúró.

Owó iṣẹ́ ọwọ́, tí ẹ ń pè ní wọ́kìmáńṣíìpù, ni ó kàn. Ẹ má ṣe mú iye tí a óò lò yìí bí iye ọjà. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ilé kan ní pọ́ìntì 48, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ni fún ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kan. Ọ̀gá gba ₦15,000 lójúmọ́, ọmọ iṣẹ́ ₦6,000. Ọjọ́ mẹ́fà di ₦126,000. Bí ilé bá wà ní Iléṣà tí ọ̀gá sì ń ti Òṣogbo wá, ọkọ̀ ₦5,000 lójúmọ́ di ₦30,000. Ìgbó irinṣẹ́, ₦10,000. Àpapọ̀ ₦166,000, èrè kò sì tíì wọ inú rẹ̀. Bí a bá fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe èrè, ó di ₦190,900, èyí tí í ṣe bí ₦3,980 lórí pọ́ìntì kan. Ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ pé ₦3,000 ni àwọn ẹlòmíràn ń gbà, tí ó sì gbà bẹ́ẹ̀, yóò gba ₦144,000. Ó ti fi ₦22,000 ta onílé lọ́rẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibo ni yóò ti rí i padà? Ẹ ti gbọ́ ìtàn sọ́kẹ́ẹ̀tì wa.

Àwọn baba wa mọ ìṣirò yìí láìjókòó sí kíláàsì. Àwọn òṣómàáló tí wọ́n ru aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ tà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwìn kò ta aṣọ àwìn ní iye aṣọ owó lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọn yóò fi dúró, ọ̀nà tí wọn yóò tún rìn padà wá gbowó, àní òṣó tí wọn yóò ló lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, gbogbo rẹ̀ wà nínú iye aṣọ. Oníṣẹ́ iná tí onílé yóò san owó fún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ń ta àwìn. Ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó gba àsansílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ẹni tí ń ta wáyà a máa fún oníṣẹ́ iná ní nǹkan lẹ́yìn, onílé kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó nítorí pé ẹ lọ sí ọjà, tí ẹ mọ ojúlówó, tí ẹ sì rù ú dé ilé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní ojútáyé, kí ẹ sì so rìsíìtì mọ́ ọn. Onílé tí ó bá fẹ́ ra ọjà fúnra rẹ̀, ẹ fi orúkọ àti ìwọ̀n ohun gbogbo lé e lọ́wọ́. Bí ó bá ra ayédèrú, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ má ṣe fà á sínú ògiri.

Ẹ má gbàgbé owó àyẹ̀wò. Òfin ọdún 2015 ni ó fún NEMSA ní agbára láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò kí iná tó wọ ilé, àti láti fún oníṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Òṣogbo níhìn-ín ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Ó yẹ kí oníṣẹ́ iná tí ó ń gbé nítòsí rẹ̀ lè fi ìwé ẹ̀rí hàn.

A ti ya ìwé ìdíyelé kan sílẹ̀, ojú ewé méjì péré ni: pọ́ìntì, wáyà, páìpù, owó iṣẹ́ ọwọ́, ọkọ̀, èrè, déètì, àti àyè fún ìbùwọ́lùwé ẹni méjì. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti ẹ̀hìn odi, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ yín kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ iná tí ìṣirò inú rẹ̀ bá ṣòro fún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni a máa ń wà nílé, a kì í sì gba owó.