Géèmù Àtijọ́ Nínú Àwo Tuntun: Ohun Tó Yẹ Kí Olọ́jà Mọ̀

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn géèmù àtijọ́ tí wọ́n tún ń kó jáde báyìí, torí àwọn kan nínú wa ń tà á, àwọn mìíràn sì ní ṣọ́ọ̀bù táwọn ọmọ ti ń sanwó gbá géèmù. Mi ò ní pẹ́.

Kí géèmù tó wọlé wá bá wa nídìí tẹlifíṣọ̀n, inú àpótí ńlá ló wà, àpótí tó ga tó èèyàn. O máa ju owó ẹyọ sínú ihò rẹ̀, o máa gbá a, tó o bá kú, o tún ju òmíràn. Ilé iṣẹ́ Taito ní Japan gbé Space Invaders jáde ní 1978. Tomohiro Nishikado ló ṣe é. Ní 1980, Namco gbé Pac-Man jáde, iṣẹ́ ọwọ́ Toru Iwatani nìyẹn. Ní 1991, Street Fighter II ti Capcom dé.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fetí sí èyí: owó ẹyọ yẹn ló jẹ́ kí géèmù náà le. Ẹni tó ni àpótí ò fẹ́ kéèyàn dúró sídìí rẹ̀ fún wákàtí méjì lórí owó kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe é kó tètè pa èèyàn, àmọ́ kó má le débi tí oníbàárà ò fi ní padà wá. Òwò ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo Space Invaders. Bó o ṣe ń pa àwọn ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ làwọn tó kù ń yára sí i. Ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ò lágbára. Bí nǹkan tó ń yà sójú ṣe ń dín kù, ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, ló bá ń sáré. Nishikado rí i pé ó dùn, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan àwo tuntun. Ní 2018, Capcom kó Street Fighter 12 sójú kan, wọ́n pè é ní Street Fighter 30th Anniversary Collection. Ní 2022, Atari 50 jáde, géèmù tó lé ní 90, pẹ̀lú fídíò táwọn tó ṣe wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Nínú irú àwo báyìí, bọ́tìnnì lásán ni owó ẹyọ. O kú, o tẹ̀ ẹ́, o ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn táwọn ọmọ fi ń parí géèmù kan kíákíá, tí wọ́n á ní kò dùn. Ìbẹ̀rù kí owó má tán ló mú un dùn tẹ́lẹ̀!

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ṣe báyìí: sọ fún wọn pé owó kan ṣoṣo ni, kò sí àtúntẹ̀. Kọ máàkì tó ga jù sára ògiri. Ẹ máa rí bí wọ́n ṣe máa tò.

Ẹni tó ń tà á, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pá kékeré tí wọ́n kọ géèmù 10,000 sí lára, tí wọ́n ń kì bọ tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe ọjà àwọn tó ni géèmù náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, géèmù kan náà ni wọ́n fún ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ má ṣe tà á fún oníbàárà bí ojúlówó. Tó bá jẹ́ àwo, ẹ wo ẹ̀yìn páálí: PS4 ni àbí Switch? Àwọn àkójọ mìíràn ò ní àwo rárá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fà á, dátà nìyẹn o. Nínú Street Fighter 12 yẹn, 4 péré lo lè bá ẹlòmíràn gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ ọ́ kí ó tó sanwó.

Ìlú onílùú la wà. Ọmọ ìlú lè ta ọjà burúkú kí wọ́n bú òun nìkan, tó bá jẹ́ àwa, wọ́n á ní "àwọn Yorùbá yẹn." Orúkọ gbogbo wa ló wà lórí káńtà yín.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀. A ò ní tà pàdánù o. Àṣẹ.