Ẹ̀gẹ́ àti Àgbàdo Lórí Ilẹ̀ Kan Náà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìlobù, Ifọ̀n-Ọ̀ṣun àti agbègbè wọn, pẹ̀lú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí bí ẹ ṣe lè kórè púpọ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan.

Ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín. Ilé ń wọ inú oko, ọmọ márùn-ún ń pín oko baba kan. Ọ̀rọ̀ ààlà láàárín Ìlobù àti Ifọ̀n tún dìjà ní ọdún 2024, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé. Bí àgbẹ̀ kò bá lè jáde nílé, ta ni yóò bá a roko? Ẹjọ́ ààlà kì í ṣe iṣẹ́ tèmi. Ilẹ̀ ìtòsí ilé, tí ẹnikẹ́ni kò bá yín du, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ̀gẹ́ kì í yára. Fún bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ewé rẹ̀ kò tíì bo ilẹ̀. Oòrùn àti òjò tó ń bọ́ sí àárín rẹ̀ nígbà náà, koríko ló ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, àgbàdo ti tó í yà. Bí ẹ bá gbin méjèèjì pọ̀ nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin, àgbàdo á ti kúrò lọ́nà kí ẹ̀gẹ́ tó nílò àyè. Owó àgbàdo tútù náà lẹ ó sì fi san owó ìroko. Àwọn baba wa mọ èyí kí ọ́fíìsì wa tó wà. Ìwọ̀n ló kù.

Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan sí mítà kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ gígùn kan. Éékà kan á gba bí 4,000 igi. Irú tó ń nà gbọnrangandan, bíi TME 419, ló dára, torí kò ní ṣíji bo àgbàdo. Kí ìlà àgbàdo kan wà láàárín ìlà ẹ̀gẹ́ méjì.

Ọwọ́ ilẹ̀ yín ni àlàfo àgbàdo wà. Bí àgbàdo tí ẹ gbìn láìlo ajílẹ̀ bá ń mọ ní orúnkún, ilẹ̀ náà ti gbó: ẹ fi 50 sẹ̀ǹtímítà sáàárín igi kan sí èkejì, bí 8,000 igi ní éékà kan. Bí ó bá ń dé àyà, 25 sẹ̀ǹtímítà tó, ìyẹn 16,000. Ojúkòkòrò lórí ilẹ̀ tó ti gbó kì í bímọ re. Àgbàdo kò ní yọmọ, ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta.

Ẹlòmíì á ní ẹ̀gẹ́ òun yóò dín kù. Lóòótọ́ ni, ó lè dín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní éékà kan ń fún yín ní tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 5, tàbí àpò àgbàdo 10, bí ẹ bá gbìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá gbìn wọ́n pọ̀, ẹ rí ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 4 àti àgbàdo àpò 7. Láti rí iye yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, éékà kan àtààbọ̀ lẹ ó nílò. Ààbọ̀ éékà náà, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà kí ẹ tó rí i.

Bí ẹ bá ti ya àgbàdo tán, ẹ má sun pòròpórò rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀gẹ́ kó jẹrà.

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tètè para pọ̀ wá igi ẹ̀gẹ́ ṣáájú òjò, kí wọ́n tò ó sábẹ́ ìbòòji. Èyí tí oòrùn bá ti gbẹ kì í hù dáadáa.