Ìlò-Ara Ọmọ Ìkókó àti Ọwọ́ Àgbà Nínú Rẹ̀

Ìdàgbàsókè ìlò-ara ni orúkọ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fún ọ̀nà tí ọmọ ń gbà di ẹni tí ọrùn rẹ̀ dúró, tí ó ń yí padà lórí ẹní, tí ó ń jókòó, tí ó ń rá, tí ó ń dìde, tí ó sì ń rìn, títí dé orí iṣẹ́ ọwọ́ wẹ́wẹ́ bíi fífi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ṣa hóró àgbàdo nílẹ̀. Arnold Gesell, onímọ̀ nípa ọmọdé ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, kọ́ni ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 20 pé láti inú ọmọ fúnra rẹ̀ ni gbogbo èyí ti ń wá, pé bí ara bá ti gbó tó, ọmọ yóò ṣe é. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n kò pé, nítorí pé ó fi ọwọ́ àgbà àti àyè tí ọmọ ń gbé sí ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì gan-an ni ó ń yí padà ní Abuja lónìí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí kan láàrin ọdún 1997 sí 2003, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, nínú èyí tí wọ́n ti tọ ipasẹ̀ ọmọ 816 ní Ghana, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà, ọmọ tí ara wọn le, tí wọ́n mu ọmú ìyá, tí ìyà kò sì jẹ àwọn òbí wọn. Ìwádìí náà fi hàn pé ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó láìsí ẹni tí ó dì í mú ní ìgbàkígbà láàrin oṣù 3.8 sí 9.2, pé ó lè dá rìn láàrin oṣù 8.2 sí 17.6, àti pé ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá rárá kí wọ́n tó rìn. Ìyá tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ rìn ní oṣù mẹ́sàn-án, tí tirẹ̀ ṣì ń di àga mú ní oṣù mẹ́rìnlá, lè fi ọkàn balẹ̀, nítorí pé ọmọ méjèèjì wà nínú gbèdéke. Ohun tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ ni pé, nínú àmì mẹ́fà tí wọ́n ń wò, àwọn ọmọ Ghana ni ó kọ́kọ́ dé mẹ́rin, àwọn ọmọ Norway ni ó sì gbẹ̀yìn nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ àti ìlera kò ya wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí oníṣègùn ará Faransé nì, Marcelle Geber, rí irú nǹkan báyìí láàrin àwọn ọmọ Kampala ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ènìyàn yára sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìran wọn ni. Charles Super dá wọn lóhùn ní 1976 láti ọ̀dọ̀ àwọn Kipsigis ti Kenya: ọmọ wọn ń jókòó, ó sì ń rìn ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọmọ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò ṣáájú nínú rírá, nítorí pé ìjókòó àti ìrìn ni àwọn ìyá mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ́ ọmọ, tí wọ́n tilẹ̀ ń gbẹ́ kòtò kékeré fún un kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí ohun gbára lé. Ohun tí a bá fi kọ́ ara ni ara ń tètè mọ̀. Ìwẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà Yorùbá ń wẹ ọmọ tuntun, pẹ̀lú nínà apá àti ẹsẹ̀ àti títẹ oríkèé, wà nínú irú ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni pípọ̀n, níbi tí ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìṣísẹ̀ ìyá. Jíju ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró sókè ni kí a yọ kúrò nínú ìwẹ̀ náà. Ewu wà níbẹ̀, kò sì sí èrè.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń jèrè. Joseph Campos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ọmọ tí ó ti ń rá fún ìgbà díẹ̀ máa ń bẹ̀rù ibi tí ó jìn, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò tíì rá kì í sábà bẹ̀rù, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìrìn-àjò orí ilẹ̀ ni ó ń kọ́ ojú ní ìwọ̀n. Ìwádìí mìíràn tí òun àti Eric Walle gbé jáde ní 2014 fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ máa ń pọ̀ sí i bí ó bá ti ń rìn, bóyá nítorí pé ọmọ tí ó lè gbé ṣíbí wá bá ìyá rẹ̀ ń fi ipá mú ìyá náà láti dárúkọ ṣíbí. Iṣẹ́ náà kò kéré: Karen Adolph àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kà á ní 2012 pé ọmọ oṣù 12 sí 19 ń gbé ẹsẹ̀ 2,368 ní wákàtí kan, ó sì ń ṣubú ní ìgbà 17, nítorí náà ẹni tí ó bá ń sáré gbé ọmọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣubú kò ní í jókòó jẹun.

Ní Abuja, ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16 ni obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní, a sì máa ń ka èyí tí ó bá lò ṣáájú ìbí mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé ọmọ kì í tíì pé oṣù mẹ́rin tí ìyá fi ń padà sí ọ́fíìsì. Ìgbà yẹn gan-an ni ọrùn ń dúró, tí ìyíra ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó kúrò ní Kubwa tàbí Nyanya ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò jókòó sínú ọkọ̀, yóò dé kíréṣì, níbi tí ọmọ bá sì ti pọ̀ ju olùtọ́jú lọ, orí àga tàbí iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọn yóò dá a dúró sí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 kò gbà pé kí a há ọmọ mọ́ ibì kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí ọmọ tí kò tíì lè rìn ká dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán lójúmọ́ nígbà tí ó bá jí, kí ọmọ ọdún kan má sì jókòó sí iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán rárá. Kẹ̀kẹ́ ìkọ́-ìrìn tí òbí ń rà pẹ̀lú ayọ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìrìn: ọmọ kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kì í kọ́ bí a ti ń dúró ṣinṣin, ó sì lè yí kúrò lórí àtẹ̀gùn. Kánádà ti fi òfin de títà rẹ̀ láti 2004. Ní ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi pẹ́ńsù lé ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́ láti kọ lẹ́tà sínú ìlà, kí a rántí pé orí èjìká àti ẹ̀yìn tí ó le ni ọwọ́ ń dúró lé kí ìka tó lè ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́, àti pé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fúnra rẹ̀ sọ pé nípasẹ̀ eré ni kí a fi nọ́ńbà àti lẹ́tà mọ ọmọ kékeré.

Àyè nìkan kò sì tó nígbà tí àìsàn bá ti dí ọ̀nà. Ní Jos, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1999 pé àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ àrùn rickets, èyí tí ń mú egungun rọ̀, tí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń wọ́. Èyí tí ó burú jù ni pọ́njú ọmọ tuntun. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ ju bí ẹ̀dọ̀ ọmọ ti lè gbé e lọ, ohun pupa rẹ́súrẹ́sú tí ń jáde nínú rẹ̀ lè wọ inú ọpọlọ, kí ó ba apá tí ń darí ìlò-ara àti ìgbọ́ràn jẹ́ títí ayé, kí ọmọ sì di ẹni tí ó ní cerebral palsy, àrùn tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ lè pàṣẹ fún iṣan bí ó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin Nàìjíríà ni ohun tí à ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ọmọ sì tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Èkó jáde ní 2015, nínú èyí tí wọ́n fi hàn pé oòrùn tí a sẹ́ ìtànṣán tó léwu kúrò nínú rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí àkànṣe lè ṣe iṣẹ́ iná tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú pọ́njú. Oòrùn lásán ní ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ọ̀kan náà, ìdúró níbẹ̀ a sì máa fi àkókò ìtọ́jú ṣòfò.

Nítorí náà, ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n ní ọjọ́ kìíní ayé rẹ̀, tàbí tí pọ́njú rẹ̀ bá ń tàn dé ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà. Ọmọ tí kò bá dá jókòó nígbà tí ó pé oṣù mẹ́wàá, tí kò bá dá rìn ní oṣù méjìdínlógún, tàbí tí ó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kí ó tó pé ọdún kan, kí a gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé, ní National Hospital ní Abuja tàbí ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Gwagwalada, kí oníṣègùn lè wò ó nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì rọ̀ láti kọ́ ọ̀nà mìíràn.