Ojú àti Etí nínú Orin: Àpẹẹrẹ "I Ran"

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣé òdodo ni ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ orin? Ǹjẹ́ ohun tí ojú rí lè gba ipò ohun tí etí gbọ́? Ìbéèrè tí ìjíròrò òní dá lé nìyí. Orin "I Ran", tí ó jáde ní Ìlú Ọba ní ọdún 1982, ni yóò sì jẹ́ àpẹẹrẹ.

Ìlú Liverpool ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí ó ni orin náà ti dìde. A Flock of Seagulls ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn, èyí tí ó túmọ̀ sí agbo ẹyẹ etí òkun. Mike Score ni ó ń lé orin tí ó sì ń tẹ dùùrù oníná-mànàmáná. Ali, arákùnrin rẹ̀, ni ó ń lu ìlù. Frank Maudsley ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Paul Reynolds sì ń ta gìtá olóhùn òkè. Iṣẹ́ aṣerunlóge ni Score ń ṣe kí ó tó di olórin, èyí sì hàn ní orí rẹ̀. Ó gbé irun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dìde bí ìyẹ́ apá ẹyẹ, ó sì jẹ́ kí ti iwájú wọ́ wá bo ojú.

Ìtàn inú orin náà ṣe àjèjì. Ọkùnrin kan pàdé arẹwà obìnrin. Ìfẹ́ fẹ́ mú un, ó sì fẹsẹ̀ fẹ, ṣùgbọ́n kò ríbi sá sí. Ìmọ́lẹ̀ àràmàǹdà sì tún tàn sí i láti òkè. Àwòrán tí wọ́n yà fún orin náà kò náni lówó lójú: yàrá kan tí ògiri rẹ̀ jẹ́ bébà tí ń dán bí fàdákà, pẹ̀lú dígí káàkiri.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni ilé iṣẹ́ amóhùn-máwòrán MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwòrán orin ni oúnjẹ rẹ̀, àwọn ará Ìlú Ọba sì ti ní púpọ̀ nílẹ̀. Bí ó ti di pé "I Ran" gòkè dé ipò 9 ní Amẹ́ríkà nìyẹn, nígbà tí kò kọjá ipò 43 nílé. Ojú ni ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ṣùgbọ́n ojú náà ni ó tún fi etí dù ú. Irun Score ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí. Wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì gbàgbé gìtá Reynolds tí ohùn rẹ̀ ń padà léraléra bí ìgbà tí òkè bá ń gba ohùn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ yìí gba ẹ̀bùn Grammy fún "D.N.A.", iṣẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ orin kankan nínú. Ohùn ohun èlò nìkan ni wọ́n fi gbà á.

Ní ọdún 2007, "I Ran" tún yọjú nínú eré orí ẹ̀rọ tí à ń pè ní Guitar Hero Encore: Rocks the 80s. Gìtá oníke ni eléré ń gbé kọ́rùn. Ó ní bọ́tìnnì márùn-ún: àwọ̀ ewé, pupa, ìyeyè, aró àti ọsàn. Bí àmì àwọ̀ kan bá ti sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹ̀rọ, eléré gbọ́dọ̀ tẹ èyí tí ó bá a mu lásìkò. Bí ó bá ṣì í, ohùn gìtá yóò pòórá nínú orin náà. Lóòótọ́, bọ́tìnnì kì í ṣe okùn gìtá, eré kò sì sọ ẹnikẹ́ni di Reynolds. Síbẹ̀, ẹni tí gìtá bá dákẹ́ mọ́ lọ́wọ́ yóò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ìrínisí bá ń sọni lọ́jọ̀, ta ni yóò kọ́ ọmọ láti gbọ́ ohun tí àlejò náà bá wá? Kí olùkọ́ orin pa àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi etí tọ ohun èlò kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó jẹ́ kí wọ́n rí irun Score.